Ihò Orí Àgbá

Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó tì mí. Ọ̀rọ̀ tó ti há sí mi lọ́nà ọ̀fun láti ìgbà tí ẹ wà ní kékeré, ó gbọ́dọ̀ jáde kí n tó kú. Ìyá yín kọ́ ló pa bàbá yín. Èmi ni.

Ẹ mọ̀ bí a ṣe ń gbin olú. A óò gé pòròpórò àgbàdo wẹ́wẹ́, a óò rẹ ẹ́, a óò dì í sínú ọ̀rá, a óò wá tò ó sínú àgbá onírin tí omi wà nísàlẹ̀ rẹ̀, a óò dáná sábẹ́ rẹ̀ kí ooru omi lè pa ohun tó ń mú nǹkan bu. Èmi ni mo lu ihò sórí ìdérí àgbá yẹn. Mo sọ fún gbogbo ilé pé, tí èéfín omi bá ń tú níbẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Tí kò bá tú mọ́, ó ti tutù, ẹ ṣí i.

Lọ́jọ́ kan, olú tí mo tọ́jú yọ ọrùn gbọọrọ, orí rẹ̀ rí tíntìntín. Bàbá yín gbé e síwájú àwọn oníbàárà, wọ́n ní, "Ẹ wo ìṣó tí àbúrò mi gbìn. Afẹ́fẹ́ ọ̀fẹ́, ó ṣahun rẹ̀ sí olú." Wọ́n gbá mi létí, gbogbo ènìyàn sì rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mi ò ṣí fèrèsé ilé olú. Ìyẹn gan-an ló dùn mí.

Nígbà tí a tún dáná, ìyá yín lọ pọn omi. Mo gbá èèkàn wọ inú ihò náà, mo fi eérú pa ojú rẹ̀ rẹ́. Ìyá yín dé, iná ti ń kú lọ, kò sì rí èéfín. Ó pe ọkọ rẹ̀, "Bàbá àwọn ọmọ, ó ti tutù o." Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo lè pariwo. Mi ò pariwo. Bí bàbá yín ṣe tú ìdè ìdérí báyìí, irin náà fò, ó ya àgbọ̀n wọn, omi híhó sì bò wọ́n lójú àti láyà. Awọ ara wọn ń bá aṣọ bọ́. Wọ́n ń bẹ̀ mí, "Àbúrò mi, omi tútù." Èmi ń wá èèkàn tí mo fẹ́ fi pamọ́. Nígbà tí mo fi máa bu omi dé, wọn ò bèèrè mọ́.

Màmá tó bí èmi àti bàbá yín sáré dé, ó ní ta ló pe ọmọ òun síbẹ̀. Mo na ìka sí ìyá yín. Màmá fa igi ìdáná yọ. Ìyá yín gbé ọwọ́ borí, èmi ni mo di ọwọ́ náà mú, ìkà tí mo jẹ́, títí mo fi gbọ́ tí eegun èjìká rẹ̀ ró. Kò tilẹ̀ bú wa. Ohun tó ń sọ ni pé, "Èmi ni mo ní ó ti tutù." Bí a ṣe lé e lọ nìyẹn. Títí dòní, ó gbà pé òun ni apààyàn.

Ẹ má tíì dárí jì mí. Ẹ lọ bá a ná, kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu yín pé èmi ni mo dí ihò náà. Ẹ má bá mi bẹ̀ ẹ́. Tó bá gbà láti padà, ẹ gbé mi jáde kí ó tó dé. Yàrá rẹ̀ ni mo wà yìí.