Máìkì Kejì Tó Wà Nínú Àpótí Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọdún mẹ́sàn-án rèé tí mo ti ń gbé ẹrù kan sáyà. Ìyàwó mi kú láìmọ̀ ọ́n. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé ẹni tí mo ṣẹ̀ ń bọ̀ wá bá mi lọ́jọ́ Sátidé, pé kí n tún bá òun ṣe irú iṣẹ́ kan náà tí mo fi ba ayé rẹ̀ jẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Irọ́ ni, mẹ́rin ni. Ẹ má bínú, ó ti mọ́ mi lẹ́nu. Àkúrẹ́ ni mo ń gbé, Bàbá Díjè ni wọ́n ń pè mí, torí pé gbígbé ẹ̀rọ orin káàkiri òde ìnáwó ni mo fi jẹun láti kékeré. Ọwọ́ mi ni Akin ti kọ́ iṣẹ́ náà. Ọmọ Oǹdó ni, bàbá rẹ̀ ti kú kó tó gbọ́njú. Nígbà tó mọṣẹ́ tán, a jọ ń ṣe é ni. Èmi ń sọ̀rọ̀, òun ń yí orin. Ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí, bẹ́ẹ̀ mo tó bí i.

Ẹ̀bùn mi ni pé mo lè sín ohùn ẹnikẹ́ni jẹ. Ewúrẹ́ kan tẹ̀ lé mi láti Ìgbàrà-Òkè dé Àkúrẹ́ nígbà kan torí pé mo ké bí ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn Akin gan-an ni mo mọ̀ ọ́n sín jù.

Máìkì oníwáyà là ń lò nígbà náà. Wáyà yẹn ti gbé alága ayẹyẹ kan ṣubú rí, tòun ti fìlà. Ni Akin bá ní ká ra aláìníwáyà. Owó wa ò tó irú èyí táwọn ọlọ́lá ń lò.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ bá wa yan èyí tí ò wọ́n, tí ò sì ní í dójú tì wá. Etí yín ni mo gbọ́kàn lé. Oǹdó ni n ó ti kọ́kọ́ lò ó."

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹni tó ń fi àga háyà pàdé mi lọ́nà.

Ó ní, "Bàbá Díjè, ẹ ò tíì gbọ́ ni? Ọmọ yín ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ yín o! Ìdúpẹ́ àádọ́rin ọdún màmá kan tó jẹ́ tíṣà àgbà ní Oǹdó, ó ti sọ fún wọn pé ẹ ò ní í fọwọ́ kan máìkì rárá."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ara yín sípò mi. Ẹni tó jẹun nínú ìkòkò mi! Ó tún wá rán mi lọ yan ohun tó máa fi tì mí sẹ́yìn. Ó yẹ kí n bi í. Ìgbéraga ò jẹ́ n bi í.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí Ọjà Ọba. Bí mo ṣe ń yan máìkì ni pé n ó tàn án, n ó máa rìn lọ, n ó máa ka ení èjì títí ohùn yóò fi já. Èkíní já kí n tó fo gọ́tà. Èkejì ń kùn bí oyin. Ìkẹta ò wọ́n, ohùn rẹ̀ mọ́ gaara, mo sì rìn dé Ìlú-Àbò kó tó já. Ó dáa, ọ̀dọ̀ àwọn aránṣọ ni mo rìn dé.

Ọlọ́jà ní, "Bàbá, èyí dáa, àmọ́ ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń gbà nínú afẹ́fẹ́. Bí irú rẹ̀ méjì bá wà nítòsí ara wọn, ọ̀rọ̀ ẹni tó di ọ̀kan mú lè máa jáde lẹ́nu àpótí ohùn ìkejì. Ẹ fowó díẹ̀ kún un, kẹ́ ẹ ra èyí tó ní bọ́tìnì tẹ́ ẹ lè fi yí ọ̀nà rẹ̀ padà."

Mo ní, "Fún mi ní méjì nínú èyí."

"Ṣé ẹ gbọ́ mi báyìí, Bàbá?"

"Mo gbọ́ ẹ ju bó o ṣe rò lọ."

Mo fún Akin ní ọ̀kan, mo ní òun ló dáa jù ní gbogbo Àkúrẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wọ agbádá yín wá sí Oǹdó ní Sátidé o. Ẹ má pẹ́." Mo rò pé yẹ̀yẹ́ ló ń fi mí ṣe, pé kí n wá jókòó, kí n máa wòran rẹ̀.

Mo wọ agbádá náà, mo wọ mọ́tò lọ sí Oǹdó. Mi ò wọnú ọgbà. Ẹ̀yìn ògiri, lẹ́bàá ibi tí àpótí ohùn wà, mo rí mọ́tò tó ti bàjẹ́ kan, mo jókòó sínú rẹ̀. Ọ́ìlì ba agbádá mi jẹ́.

Akin kí èèyàn, ó ṣe é dáadáa. Bó ṣe pa máìkì rẹ̀ kí wọ́n lè jẹun, mo tan tèmi. Ohùn rẹ̀ ni mo fi sọ̀rọ̀.

"Ẹ pàtẹ́wọ́ fún Màmá wa o! Ìdajì Oǹdó ni pàṣán wọn sọ di arọ, ìdajì tó kù ló wá jẹun lónìí!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kó tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn pa mí bí ẹmu. Mo tún ní, "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín, ọkọ wọn ò kú o. Ó sá fún wọn ni!"

Ẹ̀rín dá wáí. Mo gbọ́ ohùn Akin tòótọ́, "Èmi kọ́! Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, èmi kọ́!"

Obìnrin àgbà kan dáhùn, kò pariwo. "Ohùn ta wá ni? Ìwọ tó o fẹ́ fẹ́ ọmọ mi. Bàbá tó o ní o máa fi hàn wá lónìí ńkọ́? Àga tó o gbé sílẹ̀ fún un níwájú ṣófo látàárọ̀."

Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi ló ni àga yẹn. Ìdí tí mi ò fi ní í fọwọ́ kan máìkì nìyẹn. Bàbá ọkọ kì í di máìkì mú.

Mo pa máìkì, mo sá.

Wọn ò fún Akin níyàwó mọ́. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó lọ ń dáko ní Ìlú-Àbò. Títí dòní, ó gbà pé máìkì òde míì ló kó wọnú tòun. Ẹ̀ẹ̀kan ló bi mí pé kí ló dé tí mi ò wá. Mo ní erin ló dábùú ọ̀nà mọ́tò wa. Ó rẹ́rìn-ín, kò bi mí mọ́. Ọdọọdún ló ń gbé iṣu wá fún mi.

Mi ò fẹ́ gbè sẹ́yìn ara mi, ẹ jọ̀ọ́. Àmọ́ inú ṣì ń bí mi sí i nígbà míì pé kò sọ fún mi. Ta ló ń fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pa mọ́ fún àgbàlagbà?

Ọmọbìnrin náà ti wà nílé ọkọ míì. Màmá ṣì wà láyé, wọn kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ Akin. Akin fúnra rẹ̀ fẹ́ padà sídìí iṣẹ́ báyìí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, máìkì tijọ́sí yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́, n ó gbé e wá tòun ti àpótí ohùn rẹ̀, kí ẹ fi etí yín bá mi yan èyí tó dáa jù ú lọ."

Èkejì rẹ̀ wà nínú àpótí mi lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ti ra bátìrì tuntun sí i. Mi ò lè wo ojú Akin sọ ọ́. Mo wá rò ó pé bó bá tan tirẹ̀ ní pálọ̀, kí n wà ní yàrá, kí n tan èyí, kó gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu àpótí ohùn ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, bó bá ṣì fẹ́ rí mi sójú, ká jọ lọ bá Màmá ní Oǹdó.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀, àbí ìwà ìpáǹle tàtijọ́ náà ni mo tún fẹ́ hù? Ẹ dá mi lóhùn kó tó di Sátidé. Gbogbo ohùn ni mo ti sín rí. Tèmi gan-an ni mi ò mọ bó ṣe máa jáde.