Kànga Tí Mo Ní Ó Gbẹ

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́ títí ẹ ó fi kà á tán. Irọ́ kan wà lọ́kàn mi láti ọdún pípẹ́ wá. Ìjọ mi ń pè é ní iṣẹ́ ìyanu. Mo ti gbọ́ ọ lórí pẹpẹ, mo ti gbọ́ ọ nínú ìsọjí, mo sì ti fi ẹnu ara mi ṣe àmín sí i. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, irọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa obìnrin kan. Ó wà ní ilé ìwòsàn ní Ìlọrin bí mo ti ń kọ èyí, n kò sì mọ̀ bóyá yóò padà wálé. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè dákẹ́ mọ́.

Ọmọ Òmù-Àrán ni mí. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ni mo ti kàwé, Èkó ni mo sì ti ṣiṣẹ́ nígbà tí owó epo ń ṣàn. Ọlọ́run ṣe mí lóore nígbà náà, n kò ní sẹ́ ẹ. Mo ra mọ́tò, mo rán àwọn ọmọ mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga, mo sì wá kọ́ ilé sí ìlú wa bí àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń ṣe. Ilé náà parí. Ó ku omi.

Ẹni tó bá mọ ìlú wa mọ̀ pé àpáta ló wà lábẹ́ ilẹ̀. Mo gba agbẹ́kànga kan láti Bàbáńlá, Làmídì ni orúkọ rẹ̀. Ojú ibi tó kọ́kọ́ gbẹ́, àpáta. Ojú kejì, àpáta. Ní ibi kẹta, ó dáná igi lé àpáta náà lórí nínú ihò, ó da omi tútù sí i kí ó lè là, ó sì tún sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú òòlù. Àpáta là, omi kò jáde. Ihò náà ti jìn débi pé ohùn rẹ̀ ń jáde bí ohùn ẹni tó wà nínú ìkòkò.

Ó pariwo sókè pé, "Alájì, ilẹ̀ yín yìí kò mọ olówó o!"

Mo ní, "Èmi kì í ṣe Alájì. Díákónì ni wọ́n ń pè mí."

"Kò burú. Ẹ pe Ọlọ́run láti òkè, èmi náà á pè é láti ìsàlẹ̀. Òòlù nìkan kọ́ ló ń gbẹ́ kànga."

Mo kúnlẹ̀ létí ihò náà lórí yangí. Mo ní, "Olúwa, bí o bá fún mi lómi níbí, n kò ní ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni. Gbogbo àdúgbò ni yóò máa pọn ọ́n." Làmídì ṣe àmín láti ìsàlẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, omi yọ. Ó mọ́, ó tutù, ó dùn ún mu. Làmídì gòkè wá pẹ̀lú ẹrẹ̀ ní gbogbo ara, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Fún ìgbà díẹ̀, mo mú ìlérí mi ṣẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbìyànjú láti mọ bí ó ti rí fún mi. Mo ti da sìmẹ́ńtì sí gbogbo àgbàlá, wọ́n fi ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ bà á jẹ́. Wọ́n ń jà lórí ẹni tí yóò kọ́kọ́ fà. Okùn wọn ń já, korobá wọn ń bọ́ sínú kànga. Bí a bá wálé láti Èkó fún Kérésìmesì, ariwo wọn ni yóò jí mi. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Mo ní kí wọ́n máa wá ní àárọ̀ nìkan. Lẹ́yìn náà mo ṣe ọmọrí onírin sí kànga, mo fi àgádágodo sí i. Mo ní nítorí àwọn ọmọdé ni.

Ìgbà tó yá, nǹkan le. Ilé iṣẹ́ wa ní Èkó dá wa dúró, mo sì kó ìdílé mi padà wálé. Mọ́tò kọṣẹ́, n kò rí owó tún un ṣe. Ní ọdún kan láàárín ìgbà yẹn, òjò tètè dáwọ́ dúró, ọyẹ́ sì pẹ́. Ẹ̀rọ omi ìjọba ti kú tipẹ́. Kànga àwọn ará àdúgbò gbẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tèmi kò gbẹ.

Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé bí gbogbo wọn bá kó korobá dé, omi náà yóò tán, èmi àti ìyàwó mi yóò sì bá wọn tò lọ sódò. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ rẹ̀ tán. Kànga yẹn nìkan ni ohun tó kù tí mo fi yàtọ̀ sí wọn.

Ni mo bá sọ pé ó gbẹ.

Ìyá Rónkẹ́ ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún. Aládùúgbò wa ni, ògiri ilé rẹ̀ kan tiwa. Ó dúró lẹ́nu géètì, ó gbé korobá dání, oyún inú rẹ̀ sì ti yọ síta. Mo ní, "Ìyá Rónkẹ́, má bínú, kànga tiwa náà ti gbẹ lánàá."

Ó ní, "Háà! Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá Fúnmi. Ọlọ́run á dá a padà fún yín."

Ó bá mi kẹ́dùn! Ó yí padà, ó gba ọ̀nà odò lọ.

Ọ̀nà odò jìn, òkè sì wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ, bẹ́ẹ̀ ló ń bọ̀, títí di ọjọ́ tó ṣubú lórí òkè náà pẹ̀lú omi lórí. Oyún náà bọ́. Ọmọkùnrin ni. Èmi àti ìyàwó mi wà lára àwọn tó lọ kí i. Omi kànga wa ni ìyàwó mi fi po ẹ̀kọ gbígbóná tó gbé lọ fún un, ó ń sunkún bí ó ti ń rò ó. Nígbà tí a padà délé, ó ní, "Bàbá Fúnmi, ẹnu wo la ó fi gbàdúrà báyìí?" A ṣáà ń fa omi wa ní ìdájí, a ń fi àkísà wé etí korobá kí ó má baà dún mọ́ ara kànga.

Ìjọ gbọ́ pé kànga díákónì gbẹ. Àwọn àgbà ìjọ káàánú mi. Wọ́n ní àwọn yóò ránṣẹ́ pe Làmídì láti Bàbáńlá kí ó wá gbẹ́ ẹ jìn sí i, pé ìjọ ni yóò ṣe é fún mi. Bí Làmídì bá wọ kànga yẹn, àṣírí mi tú. Mo dìde nínú ìpàdé, mo ní, "Ẹ má wulẹ̀ pe ẹnikẹ́ni. Ọlọ́run tó fún mi lómi kò nílò òòlù. Ẹ jẹ́ kí a dúró de òun nìkan."

Halelúyà gba gbogbo ilé. Wọ́n ní àwọn kò rí irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n gba ààwẹ̀. Wọ́n wá sí àgbàlá mi, wọ́n kúnlẹ̀ yí kànga náà ká, wọ́n gbé ọwọ́ lé ọmọrí onírin náà, wọ́n ń bẹ Ọlọ́run pẹ̀lú omijé. Kò sẹ́ni tó ní kí n ṣí i. Ta ni yóò ní kí díákónì ṣí kànga rẹ̀ kí òun fi ojú rí i? Èmi náà kúnlẹ̀ láàárín wọn. Omi wà ní abẹ́ ọwọ́ wa.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, mo jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé omi ti padà, pé kò sí ọwọ́ ènìyàn kankan níbẹ̀. Ìyá Rónkẹ́ wà lẹ́yìn pátápátá. Láti ìgbà tí oyún rẹ̀ ti bọ́ ni kò ti wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní Ọlọ́run kò rí òun. Ìyẹn ni ọjọ́ àkọ́kọ́ tó padà wá. Ó rìn dé iwájú, ó wólẹ̀. Ó ní bí Ọlọ́run bá lè jí kànga tó kú, òun á tún gbà á gbọ́.

Ó sì gbà á gbọ́ lóòótọ́. Kò sí ẹni tó ń gbàdúrà bíi tirẹ̀ ní ìjọ wa.

Àní lẹ́yìn èyí, n kò yí padà. Mo máa ń ṣí kànga fún wọn ní ìgbà òjò tí wọn kò nílò rẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, màá tún tì í, màá ní kí ó sinmi kí ó má baà tún gbẹ. Wọ́n gbà mí gbọ́.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù nìyí: Ọlọ́run kò gba omi náà lọ́wọ́ mi. Mo ń retí ìyà. Ní ẹ̀ẹ̀rùn kọ̀ọ̀kan, màá tan tọ́ọ̀ṣì sínú kànga, màá rí i tí omi ń dán. Àwọn ọdún kan wà tí mo gbàdúrà pé kí ó gbẹ, kí n lè mọ̀ pé Ọlọ́run ti nà mí tán. Kò gbẹ. Àwọn ọmọ mi yege. Ẹ̀jẹ̀ ríru dá mi dùbúlẹ̀, Ọlọ́run tún gbé mi dìde. Bí ẹnì kan bá ṣe àdéhùn pẹ̀lú mi tó sì yẹ̀ ẹ́ báyìí, n kò ní kí i mọ́. Òun ń fún mi lómi mu láràárọ̀. Mo dúpẹ́, mo sì ń gbọ̀n.

Ní oṣù tó kọjá, Rónkẹ́ sáré wálé láti Èkó. Kókó kan ti wú nínú ikùn ìyá rẹ̀. Dókítà ní kí wọ́n tètè ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, pé bí wọ́n bá ṣe é báyìí, yóò yè. Ìyá náà kọ̀. Rónkẹ́ kúnlẹ̀ níwájú mi. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin nìkan ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Gbogbo ohun tí a bá sọ, ọ̀rọ̀ kànga yín ló fi ń dá wa lóhùn."

Mo lọ. Ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ó ti gbẹ, ikùn nìkan ló kù. Síbẹ̀ ó bá mi ṣẹ̀fẹ̀. "Bàbá Fúnmi, ẹ wò mí bí mo ṣe rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọmọge. Ẹ má jẹ́ kí Ìyá Fúnmi mọ̀ pé ẹ wá o."

Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó lọ sí Ìlọrin. Ó wò mí bí ẹni pé mo ń ṣàwàdà.

"Ẹ̀yin! Ẹ̀yin lẹ ń sọ bẹ́ẹ̀? Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé Làmídì wọ kànga, kí lẹ sọ? Ẹ ní Ọlọ́run kò nílò òòlù. Èmi náà kò ní jẹ́ kí wọ́n gbé òòlù wọ inú tèmi."

Mo gbàdúrà fún un, mo padà sílé. Ẹ gbọ́, mo gbàdúrà fún un, mo sì padà sílé! Ojoojúmọ́ ni mo ń gbọ́ ìkérora rẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri. Ìyàwó mi kò bá mi jẹun mọ́. Ó ní, "A ti pa ọmọ rẹ̀. Ṣé ìyá náà ló kù?"

Ní ọjọ́rú tó kọjá, mo tún lọ. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Rónkẹ́ pariwo, "Bàbá, ẹ dìde, kí lẹ ń ṣe?" N kò dìde. Mo sọ fún ìyá rẹ̀ pé kànga náà kò gbẹ rí, pé kí àṣírí mi má baà tú ni n kò ṣe jẹ́ kí wọ́n pe agbẹ́kànga. Mo ní kò sí iṣẹ́ ìyanu kankan níbẹ̀, kí ó jọ̀ọ́, kí ó má kú nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu mi.

Lẹ́yìn náà ó ní, "Nígbà tí mo ń lọ sódò, omi wà níbẹ̀?"

"Ó wà."

"Ọjọ́ tí mo ṣubú ńkọ́?"

"Ó wà."

Rónkẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Ìyá rẹ̀ kọjú sí ògiri tó wà láàárín ilé wa. N kò gbọ́ ẹkún. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ọmọ rẹ̀ ló bá sọ ọ́. "Kó aṣọ mi. À ń lọ sí Ìlọrin."

Bí wọ́n ti ń mú un lọ síbi mọ́tò, mo tẹ̀ lé wọn bí olè. Ó di ilẹ̀kùn mọ́tò mú, ó ní, "Bàbá Fúnmi, ẹ sọ fún ìjọ kí n tó dé."

Mo ní, "Màá sọ ọ́. Ìyá Rónkẹ́, Ọlọ́run ńkọ́? O kò ní tìtorí mi..."

"Ẹ má dárúkọ rẹ̀ fún mi lónìí."

Mọ́tò gbéra.

Mo ti já àgádágodo náà. Géètì mi ṣí sílẹ̀ gbayawu nínú ẹ̀ẹ̀rùn yìí. Àwọn obìnrin ń gbé korobá kọjá, wọn kò wọlé. Ọ̀kan dúró lánàá, ó yọjú. "Bàbá, ta ló kú tí géètì yín fi ṣí?" Mo ní kò sẹ́ni tó kú, kí ó wọlé wá pọn omi. Ó wò mí lókè nílẹ̀. "Ṣé kò ní tún gbẹ mọ́ yín lọ́wọ́?" Mo bá a fa omi náà, mo gbé e rù ú.

Ọjọ́ ìsinmi ti súnmọ́lé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí Ọlọ́run fún ní ọgbọ́n, n kò bi yín bóyá kí n sọ ọ́. Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ tí irọ́ mi yóò fi wó, tí ìgbàgbọ́ àwọn ènìyàn tó dúró lé e kò ní bá a lọ? Ọlọ́run ló fún wa lómi. Èmi ni mo tì í. Báwo ni mo ṣe máa ya èyí sọ́tọ̀ fún wọn? Ẹ kọ́ mi.

Ẹ má tíì gbàdúrà fún mi. Obìnrin kan wà ní Ìlọrin tí wọn yóò gbé wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, ẹni tó ń gbàdúrà ju gbogbo wa lọ. Bí kò bá lè gbàdúrà mọ́, èmi ni mo gba àdúrà náà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá a gbà á.