Tọ́tíyà Lúpè àti Àpò Sutana

Nígbà tí orúnkún mi ṣì ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu… Sími, gbé fóònù yẹn sílẹ̀, ọ̀rọ̀ bàbá yín àgbà ni mo fẹ́ sọ. Ẹ gbọ́. Thamesmead North ní London níbí náà ni, inú ilé yìí náà. Dókítà sọ fún un pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù, pé òun fún un ní oṣù mẹ́ta. Tí kò bá wálẹ̀, abẹ́rẹ́ ni, lójoojúmọ́, títí ayé. Ẹ ò mọ bàbá yín. Ọkùnrin gìrìpá, tó máa ń pàṣẹ fún ẹ̀mí àìmọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kó jáde… tó bá rí abẹ́rẹ́, òun gan-an ló máa kọ́kọ́ jáde.

Ẹ̀rù bà mí. Mo ní oúnjẹ la máa yí padà. Èmi àti obìnrin ará Mẹ́síkò kan, Lúpè, la jọ ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Woolwich nígbà yẹn. Mo bi í pé kí ni ìyá rẹ̀ ń jẹ tó fi ń gun òkè lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Ó ní àgbàdo, ẹ̀wà, tòmátì, ata, píà. Mo ní ṣé kì í ṣe oúnjẹ tiwa lo ń kà yẹn? Ó ní, "Rárá o, Mummy, tiwa ni." A fẹ́rẹ̀ẹ́ jà nítorí àgbàdo.

Mo bẹ̀rẹ̀. Mo rẹ àgbàdo fún ọjọ́ mẹ́ta bí ìyá mi ṣe kọ́ mi, mo lọ̀ ọ́, mo sẹ́ ẹ. Kí ló jáde? Ògì. Mo dà á sí páànù, ó ń ṣàn kiri. Lúpè, tó máa ń wá sílé wa ní Sátidé, wò ó, ó ní, "Mummy, mímu lèyí." Òun ló wá kọ́ mi pé ẹfun kan wà tí wọ́n fi ń se àgbàdo kí èèpo rẹ̀ lè bó. Wọ́n á lọ̀ ọ́ kó le, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, wọ́n á yan án lórí irin gbígbóná, kò sí òróró níbẹ̀. Òun ni tọ́tíyà. A kó ẹ̀wà sí i, a gún píà àti ata lé e. Ó dùn, mi ò ní purọ́. Ẹ̀yin tòní, ẹ kàn ń ra èyí tó wà nínú ọ̀rá ní Town Centre, ẹ ń pè é ní healthy.

Bàbá yín gbé ọ̀kan sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó ní, "Mama Fúnmi, mò ń rí ojú ẹ lódìkejì." Àmọ́ ó jẹ ẹ́. Lójoojúmọ́ ló ń jẹ ẹ́, kò ráhùn. Ọkùnrin tó máa ń bínú tí èbà bá tutù? Ó yẹ kí n ti fura. Ikùn rẹ̀ ò wálẹ̀. Èmi náà sì ń bá a jẹ ẹ́, torí ta ló fẹ́ máa se ìkòkò méjì?

Sátidé kan, wọ́n tètè dá mi sílẹ̀ níbi iṣẹ́. Mo wọlé… Bàbá yín àti Lúpè ló jókòó sí kíṣìnì, abọ́ èbà kan ló wà láàárín wọn. Lúpè mú òkèlè dání bí ọmọ Ìjẹ̀bú. Níbo ni wọ́n ti rí gàrí? Ẹ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan àpò tí bàbá yín ń kó sutana ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sí. Aṣọ mímọ́ ni, òun fúnra rẹ̀ ló ń fọ̀ ọ́. Inú àpò yẹn ló ń kó gàrí sí.

Lúpè kúnlẹ̀. Ta ló kọ́ ọ ní ìkúnlẹ̀? Bàbá yín náà ni. Ó ní, "Mummy, ẹ má bínú, láti kékeré ni mo ti ń jẹ tọ́tíyà, ó ti sú mi." Bàbá yín ní, "Mama Fúnmi, tọ́tíyà ló kọ́kọ́ wọlé, èbà kàn wá bá a níbẹ̀ ni." Ará Mẹ́síkò ń jẹ èbà, èmi ọmọ Ìjẹ̀bú ń jẹ tọ́tíyà. Mo bínú débi pé ẹ̀rín ló ń jáde lẹ́nu mi.

Oṣù mẹ́ta pé, a lọ sí kílíníìkì. Mo ní kí wọ́n yẹ tèmi náà wò. Tèmi, tí dókítà ò tiẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ti wálẹ̀ wẹ́rẹ́. Tirẹ̀ ti gòkè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí nọ́ọ̀sì mú abẹ́rẹ́ jáde, ọkùnrin yẹn di ọwọ́ mi mú, ó fojú pamọ́ sí èjìká mi. Ó dùn mí, ẹ̀yin ọmọ. Gbogbo ìbínú mi lọ. Ó ní òun ò lè gún ara òun, àjèjì ò sì gbọdọ̀ gún òun. Bí mo ṣe di nọ́ọ̀sì nìyẹn. Láràárọ̀, á gbé ẹ̀wù sókè, á dijú, á máa ké Jésù. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi gún un kí Ọlọ́run tó pè é. Títí dòní, tí ilẹ̀ bá mọ́, ọwọ́ mi ṣì ń wá a.

Hẹ̀n… Sími, ìwọ tó o fẹ́ lọ ilé ọkọ, sọ fún ọkọ náà kó tètè mọ̀. Ẹni tí kò bá gba oúnjẹ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, á gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.