Wọ́n Ti Gbé Alángbá Mi Lọ sí Ifẹ̀wàrà

Mùyídéènì, jókòó. Mo fi Ọlọ́run ṣe ẹlẹ́rìí, ọ̀rọ̀ yìí kò ní gùn; ìrù alángbá gùn jù ú lọ. Wọ́n ti gba alángbá mi! Fúnmilọ́lá, ọmọ tó gba ipò mi ní mùsíọ́mù nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, òun ló wá síbí láàárọ̀, ó kúnlẹ̀ dáadáa, ó jẹ obì mi tán, ó wá ní, "Bàbá, a ti ṣàtúnṣe o. A ti yọ Òkè-Baálẹ̀ kúrò lára ìgò alángbá yẹn, a ti kọ Ifẹ̀wàrà sí i."

Àtúnṣe! Ta ló ní ó bàjẹ́?

Oko kòkó àwọn àna mi ní Ifẹ̀wàrà ni mo ti mú un, lọ́jọ́ tí mo lọ kí bàbá Lábíkẹ́ ìyàwó mi. Ṣé mo jiyàn ni? Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀gá mi òyìnbó ní mùsíọ́mù bi mí pé níbo ló ti wá, kí ni kí n sọ? Àwọn ọmọ tí ìwọ bí sí Kùmásí ńkọ́? Nígbà tí wọ́n lé yín wálé láti Gánà, tí wọn ò tilẹ̀ mọ bí a ṣe ń kí àgbà, tí a bi wọ́n pé ọmọ ibo ni wọ́n, ta ló dárúkọ Kùmásí nínú wọn? Òkè-Baálẹ̀ ni gbogbo wọn ń pariwo! A sì pa àgbò. Alángbá tí mo fi fìlà orí mi gbé wálé, tó sùn ní yàrá mi, ọmọ ibo ni?

Máa rẹ́rìn-ín lọ.

Òun nìkan ló gbé orúkọ àdúgbò wa dé mùsíọ́mù. Lóòótọ́, inú ọtí líle ni wọ́n rẹ ẹ́ sí láti ọdún 1964, bẹ́ẹ̀ mùsùlùmí ni wá, ṣùgbọ́n lèmọ́mù ò tíì bá a wí.

Àwọn ará yunifásítì tó ń wá irú alángbá yẹn ka ohun tí a kọ sára ìgò, wọ́n gbà pé irú rẹ̀ kún ibí. Wọ́n dé, wọ́n ń ṣí òkúta, wọ́n ń yọjú sẹ́yìn balùwẹ̀ Nọ́síràtù, ìyẹn rò pé olè ni, ó da omi ọṣẹ lé wọn lórí. Alángbá ara ògiri lásán ni wọ́n rí, tó ń mi orí sí wọn. Èmi alára dúró tì wọ́n, mo ní, "Ẹ ṣe sùúrù, ojú ló ń tì í."

Ta ló wá tú àṣírí? Lábíkẹ́! Fúnmilọ́lá bi í lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní, "Ṣé èyí tó fò jáde nínú fìlà wọn, tó bọ́ sínú ọbẹ̀ bàbá mi?"

Kí wọ́n kọ Ifẹ̀wàrà, mo gbà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Òkè-Baálẹ̀ ló gbà á tọ́!

Kí lo wí? Kí n lọ ṣàlàyé fún àwọn àna mi? Háà! Wọ́n rò pé mo ti jù ú nù lọ́jọ́ náà ni. Ọmọ wọn kejì tí mo gbé lọ nìyí o. Ti àkọ́kọ́, mo ṣáà dọ̀bálẹ̀ tọrọ rẹ̀. Jọ̀ọ́, Mùyídéènì, fi sínú. Bí ará Ifẹ̀wàrà kan bá bi ọ́, sọ fún un pé a ò rí alángbá rí l'Ókè-Baálẹ̀.