Àwòrán Ògiri Tí Mo Sún

Ẹ jókòó tì mí, ẹ̀yin ọmọ Bíríkìlà. Dókítà ò fi bò mọ́, ọjọ́ mi ò pọ̀ nílẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí ò sì gbọdọ̀ bá mi wọlẹ̀. Bàbá yín kọ́ ló pa ìyá tó ń gbálẹ̀ nílé ìwé yẹn. Èmi ni.

Iṣẹ́ mi nígbà náà ni láti máa ṣọ́ àwọn ilé tó ti gbó. Bàbá yín ló fi símẹ́ǹtì dí ibi tí ògiri gbọ̀ngàn ilé ìwé náà ti lanu, ó sì kìlọ̀ fún wa pé, "Ẹ máa wò ó lóṣooṣù o. Bó bá tún mira, ẹ kó àwọn èèyàn jáde." Bí mo ṣe ń wò ó nìyí: màá dúró lójú kan náà, màá ya fọ́tò, màá gbé tuntun lé ti tẹ́lẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ìpele kan lórí èkejì, màá wá jẹ́ kí ti òkè fẹ́lẹ́ títí ti ìsàlẹ̀ á fi hàn. Bí ògiri ò bá mira, ìlà kan ṣoṣo ni màá rí lójú ibi tó dí náà. Bó bá mira, ìlà á di méjì.

Odidi oṣù mẹ́ta ni mi ò débẹ̀. Ọ̀lẹ ni, ẹ má bá mi wá orúkọ mìíràn fún un. Fọ́tò àtijọ́ ni mò ń yí ọjọ́ rẹ̀ padà, tí mo fi ń ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi. Nígbà tí mo wá lọ lóṣù kẹrin, ìyá agbálẹ̀ dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Àǹtí Oníkámẹ́rà, àràárọ̀ ni mò ń gbá iyanrìn lẹ́sẹ̀ ògiri yìí. Ṣé kò léwu báyìí?" Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Mọ́mì, kọ̀ǹpútà á sọ fún wa."

Kọ̀ǹpútà sọ ọ́. Ìlà méjì ló yọ, àlàfo tó tó ìka kan sì wà láàárín wọn. Àmọ́ bí mo bá kéde rẹ̀, wọ́n á bi mí léèrè ibi tí mo wà láti oṣù mẹ́ta. Ọwọ́ mi yìí náà ló mú fọ́tò òkè, tó rọra ń sún un títí ìlà méjèèjì fi di ọ̀kan. Fèrèsé ẹ̀gbẹ́ ògiri wá yẹ̀ kúrò lójú ibi tó wà. Mo gé fèrèsé náà dànù kúrò nínú fọ́tò. Mo wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, "Kò sí ìyípadà." Ọ̀gá mi ní mo káre.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ògiri wó. Ìyá agbálẹ̀ nìkan ló wà nínú gbọ̀ngàn. Kí wọ́n tó wú u jáde, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Níwájú ìgbìmọ̀ tó ṣèwádìí ìwólulẹ̀ náà, bàbá yín kọjú sí mi. "Àǹtí, ìwọ lo ń yà á. Jọ̀ọ́, sọ ohun tí o rí." Mo wò ó lójú kòrókòró, mo ní mi ò rí nǹkan kan. Èyí gan-an ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ kan péré lẹ́nu mi ni ì bá yọ ọ́. Wọ́n ní símẹ́ǹtì rẹ̀ ni kò dáa. Kò mọ bíríkì kan lé èkejì mọ́ títí tó fi kú.

Mi ò pa fọ́tò gidi náà rẹ́. Ó wà nínú fóònù tí mo fi lé yín lọ́wọ́ yìí. Ẹ gbé e lọ fún ìgbìmọ̀, kẹ́ ẹ sì fi han àwọn ọmọ ìyá agbálẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí wọ́n bá fi ìṣọ́ lé lọ́wọ́, ẹ tètè jẹ́wọ́ ọ̀lẹ yín nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀lẹ lásán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Bí kò bá sì ṣeé ṣe, ẹ ṣáà má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún pe bàbá yín lápànìyàn.