Òtítọ́ Dọ́jà, Ó sì Tà

"Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Màmá mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìwọ náà ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àánú ni wọ́n fi gbà ọ́ síṣẹ́. Wọ́n ti lọ, àánú sì ti bá wọn lọ. Palẹ̀ ẹrù rẹ mọ́."

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ẹ̀dùn ọkàn. Èmi kọ́ ni mo ni ọ̀rọ̀ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n jókòó níwájú yìí, ọmọ kan ṣoṣo tí olóògbé bí, ni wọ́n sọ ọ́ fún mi lánàá, nídìí tábìlì tí a ti ń gé aṣọ, lójú àwọn aránṣọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. N kò fi kún un, n kò yọ nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá ṣì í sọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún mi ṣe.

Wọ́n juwọ́ sí mi pé kí n máa sọ ọ́ lọ. Mo dúpẹ́.

Ọmọbìnrin àbúrò olóògbé ni mí. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi bá wọn ta tìmùtìmù ìsùn tí a fi òwú kì nínú ṣọ́ọ̀bù yìí kan náà. Ẹ gbà mí láyè kí n sọ̀rọ̀ wọn fún yín bí wọ́n ṣe kọ́ mi láti polówó ọjà. Lọ́dọ̀ Màmá, àbùkù ọjà ni à á kọ́kọ́ sọ.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ àbùkù. Màmá lágídí. Wọn kì í dín owó ọjà. Wọn kì í rẹ́rìn-ín sí ẹni tí kò pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Bí oorun ọ̀sán bá sì gbé wọn lọ sórí tìmùtìmù, tí a bá jí wọn, wọ́n a ní àwọn ò sùn, ọjà ni àwọn ń dán wò.

Ẹ rẹ́rìn-ín, kò sí èèwọ̀. Bí ojú bá ń sunkún, a máa ríran.

Ìmọ̀ ìpolówó ọjà ni mo kọ́ ní pólì. Ọjọ́ tí mo wá síbí, mo dúró síwájú Màmá, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀nà tí a fi ń fa ojú oníbàárà mọ́ra lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbọ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Bọ́ bàtà rẹ. Dùbúlẹ̀ sórí tìmùtìmù yẹn."

Mo ní, "Mà?"

Wọ́n ní, "Ṣé ẹ̀yìn rẹ náà gboyè ni? Mo ní kí o dùbúlẹ̀, kí o sì panu mọ́."

Mo dùbúlẹ̀. Màmá padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ wọn, wọ́n ń rán aṣọ tìmùtìmù lọ. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó ní, "Ó le díẹ̀, àbí?" Mo ní, "Ó le díẹ̀, mà." Wọ́n ní, "Wàá bú mi fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà, wàá jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, wàá wá ìrora ẹ̀yìn rẹ tì."

Gbogbo ìpolówó wọn nìyẹn. Láti ibẹ̀ ni ẹ ti sọ wọ́n ní Màmá Ó-Le-Díẹ̀. Wọn kò bínú. Wọ́n kọ ọ́ sára aṣọ pupa kékeré kan, wọ́n sì ń rán an mọ́ etí gbogbo tìmùtìmù tó bá ti ọwọ́ wọn jáde, bí àmì.

Onígbàjámọ̀, mo rí yín lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, ẹ má forí pamọ́. Nígbà tí ẹ fẹ́ gbéyàwó, ẹ ní tìmùtìmù Màmá dà bí pákó. Ṣé wọ́n bẹ̀ yín? Wọn kò bẹ̀ yín. Àwọn gan-an ni wọ́n júwe ọ̀nà ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta fóòmù rírọ̀ fún yín. Inú bí mi débi pé n kò lè jẹun: oníbàárà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, a tún sìn ín dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn! Ọdún kò yípo tí ẹ fi padà dé, ọwọ́ kan níbàdí, ọwọ́ kejì lára ògiri. Màmá wò yín, wọ́n ní, "Ó ṣì le díẹ̀ o, ọkọ ìyàwó." Ẹ ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kó le. Bí òkúta bá wà, ẹ bá mi fi kún un."

Ìyàwó wọn ló ń rẹ́rìn-ín jù. Ẹ̀yin ènìyàn wa, láti ọjọ́ náà, kò sí orí tí Onígbàjámọ̀ gé irun rẹ̀ tí kò gbọ́ nípa ṣọ́ọ̀bù yìí. Ta ni ó lè fi owó ra irú ìpolówó bẹ́ẹ̀?

Ọjọ́ tí ọjà bá wá kùtà ńkọ́? Ó máa ń kùtà, n kò ní í purọ́ níwájú olóògbé. Nígbà tí onífóòmù rírọ̀ yẹn gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn síta ní òdìkejì títì, a jókòó títí, kò sí ẹni tó yà sọ́dọ̀ wa. Mo káwọ́ lérí. Màmá na ìgbálẹ̀ sí mi. Mo ní mo ti gbálẹ̀ láàárọ̀. Wọ́n ní, "Ọjọ́ tí a kò bá tà ni à ń gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ń kọjá kò gbọdọ̀ rí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Ẹni tó ń retí àlejò ni kó rí."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣòwò, ẹ mú ìyẹn dání lọ sílé. Ìgbálẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi nígbà tí Oníhòtẹ́ẹ̀lì yà wọlé, tí wọ́n bọ́ bàtà, tí wọ́n dùbúlẹ̀, tí wọ́n sì ra tìmùtìmù fún gbogbo yàrá hòtẹ́ẹ̀lì wọn. Olóhùn gooro ti òdìkejì dà lónìí? Ó ti kógbá wọlé. Ṣọ́ọ̀bù òfìfo ló kù níbẹ̀.

Wàyí o. Àga kò tó ní ìrọ̀lẹ́ yìí, tìmùtìmù ni mo tẹ́ fún yín. Ẹ má rò pé mo kàn tẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi, iṣẹ́ ọwọ́ Màmá ni ẹ jókòó lé. Ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́wọ́ òsì, fóòmù tí Ẹ̀gbọ́n kó dé nígbà tí Màmá kò lè dìde mọ́ ni ẹ jókòó lé. Ẹ jọ̀ọ́, kí gbogbo yín dìde lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí ẹnìkan fa bàbá àgbà yẹn sókè. Kì í ṣe ẹ̀bi yín, bàbá, fóòmù ló fẹ́ gbé yín mì.

Ẹ wo ọ̀tún. Ẹ wo òsì. Kòtò tí ẹ ń wò lára fóòmù yẹn, ìjókòó ìrọ̀lẹ́ kan péré ni. Ẹ yẹ etí fóòmù náà wò. Aṣọ pupa kékeré wà níbẹ̀, àbí kò sí? Ẹ kà á sókè. Ẹ̀yin ará ẹ̀yìn kò gbọ́, ẹ tún un kà.

"Ó le díẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ ẹ̀rín yẹn? Ẹ̀rín tí ọjà yóò fi orúkọ ìyá yín rín nìyẹn. Òwe tí ẹ pa fún mi lánàá, òwe àgbà ni, n kò bá àgbà jiyàn. Èké ń tà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra èké kì í padà wá, àfi bó bá fẹ́ dá a padà. Ẹ bojú wẹ̀yìn, kí ẹ wo bí yàrá yìí ṣe kún dé ẹnu ọ̀nà. Oníbàárà Màmá ni wọ́n. Òtítọ́ dọ́jà, ó pẹ́ nílẹ̀, ó sì tà!

Oníhòtẹ́ẹ̀lì, ẹ fẹ́ sọ̀rọ̀? Ẹ gbọ́ wọn o: "Ibi tí obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ yìí àti àwọn aránṣọ yẹn bá wà ni èmi ó ti máa ra tìmùtìmù." Ẹ ṣeun, sà. Onígbàjámọ̀ náà? Ìyàwó wọn náà? Ó tó, ó tó. Ẹ jókòó. Ẹ̀yin tòsì, ẹ bọ́ sọ́tùn-ún, kí ẹ fún ara yín láyè.

Màmá, ẹ̀yin ni mo kàn. Ẹ kò polówó ara yín rí, mo ti bá yín ṣe é. Ẹ máa lọ, kí ọ̀nà rọ̀ yín lọ́rùn. Bí ibi tí ẹ ó sùn sí bá le díẹ̀, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé ara yóò mọ́ ọn, ìrora yóò sì wábi gbà. Ẹ sùn dáadáa. Kò sẹ́ni tí yóò jí yín mọ́, tí ẹ ó fi ní ọjà lẹ ń dán wò.

Ẹ̀gbọ́n, ohun kan ṣoṣo ni mo béèrè: kí ẹ tú àmì Màmá tí ẹ rán mọ́ fóòmù yẹn kúrò lára rẹ̀, níta gbangba, lójú àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Bí ẹ bá tú u, a ó jọ máa ṣiṣẹ́ lọ, n kò sì ní í mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ àná mọ́. Bí ẹ kò bá tú u, kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù òfìfo òdìkejì ti wà lọ́wọ́ mi, àwọn aránṣọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò sì bá mi sọdá. Lọ́la ni a ó sin Màmá. Ní ọjọ́ Ẹtì, n ó gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù yìí lẹ́ẹ̀mejì. Mo ń retí èsì yín kí agogo méjìlá ọ̀sán ọjọ́ náà tó lù.