Búrẹ́dì Tí Mo Gbé Sí Imú

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ̀yin ará àdúgbò náà, ẹ wá àyè jókòó, ẹ má dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ sá. Dókítà ní ọkàn mi ti rẹ̀, ó ní kí n má sọ̀rọ̀ púpọ̀, kí n má sì rẹ́rìn-ín rárá. Ọ̀rọ̀ ló kún inú mi yìí, ẹ̀rín ló sì kún inú ọ̀rọ̀ náà, n ò ní gbé e wọ sàréè lọ. Adúmáadán, ìwọ ni mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ pè. Sún mọ́ mi. Tìẹ ni ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ̀yin èwe ò lè mọ̀, ṣùgbọ́n kí Adúmáadán tó dé, èmi nìkan ni mò ń ṣe búrẹ́dì ládùúgbò yìí. Búrẹ́dì mi le bí pákó, àwọn èèyàn ń jẹ ẹ́ nítorí pé kò sí òmíràn. Àfi bí ọmọbìnrin dúdú tó ń dán yìí ṣe kó dé, tó gba ṣọ́ọ̀bù tó dojú kọ tèmi. Láàárọ̀ ọjọ́ tó kọ́kọ́ yan búrẹ́dì, òórùn rẹ̀ sọdá títì wá bá mi níbi tí mo ti ń po ìyẹ̀fun, itọ́ kún ẹnu èmi gan-an. Kí oṣù tó parí, eṣinṣin nìkan ló ń wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Mo ní inú ló ń bí mi. Irọ́ ni, ìlara ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, èmi àti àbúrò mi obìnrin sọdá lọ kí i. Ó pè mí ní ẹ̀gbọ́n, ó ní kí n mú èyí tó bá wù mí. Mo mú ọ̀kan, ó ṣì ń gbóná. Tísà dúró lẹ́yìn mi, ó fẹ́ ra tirẹ̀. Mo gbé búrẹ́dì náà sí imú, mo fún ojú pọ̀ díẹ̀, mo sì rọra dá a padà. N ò sọ nǹkan kan o! Ẹ gbọ́ mi dáadáa, ọ̀rọ̀ kankan ò jáde lẹ́nu mi, ibẹ̀ gan-an ni ìkà mi wà. Tísà wò mí, ó wo búrẹ́dì, òun náà gbé tirẹ̀ sí imú, ó dá a padà. Télọ̀ tó wà lẹ́yìn tísà ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a délé, àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ ṣe yẹn? Búrẹ́dì yẹn ò mà rùn!" Mo ní, "Ṣé mo ní ó rùn ni?" Àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

Àrùn tó ń ṣe ogójì ló ń ṣe ọ̀ọ́dúnrún. Kó tó di ọ̀sán, àwọn tí kò rí mi rárá ti ń gbé búrẹ́dì Adúmáadán sí imú. Mo bi ìyàwó káfíńtà pé òórùn kí ló gbọ́. Ó ní, "Èmi ò gbọ́ nǹkan kan o, Màmá, ṣùgbọ́n ṣé gbogbo èèyàn lè máa ṣe bẹ́ẹ̀ lásán ni?" Adúmáadán pààrọ̀ ìyẹ̀fun, ó fọ ààrò, ó kun ògiri lọ́dà. Pàbó ló já sí. Níkẹyìn ó wá bá mi ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi, ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin nìkan lẹ lè sọ òótọ́ fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọwọ́ mi ló ń rùn ni?" Mo gbé ọwọ́ náà sí imú. Òórùn ìyẹ̀fun àti ṣúgà ni mo gbọ́, kò sí nǹkan míì. Ọ̀rọ̀ kan péré ì bá tù ú nínú. Mo ní, "Bóyá kí o túbọ̀ máa fọ̀ wọ́n." Ọlọ́run, dárí jì mí. Ó lọ fi ọṣẹ ìfọṣọ fọ ọwọ́ náà títí awọ fi bó. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe láyé, n ò ṣe èyí tó burú tó o.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ju òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ló ń bá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé búrẹ́dì tèmi náà sí imú. Láti ibẹ̀ ó bọ́ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta bàtà, wọ́n ń gbóòórùn bàtà tuntun. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń gbóòórùn àga kí wọ́n tó jókòó. Akọ̀wé báǹkì ń gbóòórùn owó. Bàbá yín, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o, bàbá yín gbé ìrọ̀rí mi sí imú, ó fún ojú pọ̀, ó sì dá a padà fún mi! Àrùn tí mo dá sílẹ̀ bá mi lórí ibùsùn ara mi.

Lọ́jọ́ tí Adúmáadán ń kó ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀, mo sọdá. Ẹ má yìn mí. Àánú ṣe mí, àmọ́ ọjà tèmi náà ti kú. Ohun tí ọ̀rọ̀ ẹnu ò dá sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ò lè wò ó sàn, ìyẹn yé mi. Mo mú búrẹ́dì rẹ̀ tó kẹ́yìn, mo já a sí méjì láàárín títì, mo dijú, mo ń jẹ, mo ń rẹ́rìn-ín. Mi ò díbọ́n o, ó dùn! Tísà, tí kì í fẹ́ kí nǹkan kọjá òun, na ọwọ́, mo bù fún un. Télọ̀ náà na ọwọ́. Kílẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti sọ ẹrù kalẹ̀, Adúmáadán ti tún yan òmíràn, gbogbo àdúgbò ń dijú jẹ búrẹ́dì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọn ò mọ ìdí. Títí dòní, bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe ń jẹ ẹ́. Ẹ ṣe bí àṣà àwọn baba yín ni? Èmi ni o!

Adúmáadán dì mọ́ mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ gbà mí." Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti jẹ́wọ́. Mo ní, "Kò tọ́pẹ́." Látọjọ́ náà, kò sí àárọ̀ tí kì í gbé búrẹ́dì gbígbóná wá fún mi, kì í gbowó. A di tẹ̀gbọ́n tàbúrò, a jọ tọ́ ẹ̀yin ọmọ yìí, ayé wa dùn. Ọpẹ́ tí kò tọ́ sí mi ni mo sì ń fi tíì jẹ lójoojúmọ́.

Ẹ̀yin èwe, ẹ ṣọ́ ojú yín bí ẹ ṣe ń ṣọ́ ẹnu yín. Adúmáadán, má dá mi lóhùn lójú èrò, mo bẹ̀ ọ́. Foríjì mí. Bílẹ̀ bá mọ́ tí n ò rí ọ, n ò ní bínú, mo ti jẹ tèmi yó. Ṣùgbọ́n bí o bá wá, tí búrẹ́dì sì wà lọ́wọ́ rẹ, jọ̀ọ́, àbúrò mi, jẹ́ kí n rà á.